Bí Mo Ṣe Sọ Orin Kraftwerk Di Cha-cha-chá

Orin kan tí wọ́n ń pè ní “The Model”, ti Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Jámánì tó ń fi ẹ̀rọ kọrin, ni mo sọ di cha-cha-chá, ìlù ijó àwọn ará Cuba, lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó gbọ́ ọ kò yéé bi mí bí mo ṣe rí i ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Èmi kọ́ ni mo dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o. Uwe Schmidt, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Santiago ní ilẹ̀ Chile ní 1997, ti fi orúkọ Señor Coconut gbé àwo-orin kan jáde ní 2000. El Baile Alemán ni wọ́n ń pè é, orin Kraftwerk ló sì kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi ìlù cha-cha-chá, merengue àti cumbia ṣe. Mo gbọ́ àwo yẹn títí ó fi sú àwọn ará ilé mi. “The Model” kò sí nínú rẹ̀, mo bá ní kí n fi ọwọ́ ara mi gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwọn kan ní àwàdà lásán ni irú nǹkan báyìí. Èmi ò gbà. Láti ìgbà tí Ralf Hütter àti Florian Schneider ti dá Kraftwerk sílẹ̀ ní Düsseldorf ní 1970, ohun tó mú orin wọn dùn ni pé wọn kì í sáré kúrò lórí ohun tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lù ú, wọ́n á tún un lù, wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti jó jùjú di ìdájí mọ adùn irú ìyẹn. Nínú “The Model” pàápàá, kọ́ọ̀dù méjì péré, Am àti Em, ló ń pààrọ̀ ara wọn lábẹ́ ẹsẹ orin. Àwọn ará Cuba kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ montuno, ìyẹn apá orin tí wọ́n máa ń tún lù léra léra.

Merengue ni mo kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n merengue ń sáré, ọ̀rọ̀ orin náà kò ní rí ààyè mí. Ohun tó jẹ́ kí n mú cha-cha-chá ni ọ̀rọ̀ Enrique Jorrín, ata-fáólìnì tó gbé ijó náà kalẹ̀ ní Havana ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1953. Jorrín ní kí àwọn tó ń lu ohun èlò pa ohùn pọ̀ kọrin, ohùn kan ṣoṣo, láìsí pé ẹnì kan ń dárà lókè. Ohùn gbẹrẹfu tí Kraftwerk fi ń kọrin kò jìnnà sí ìyẹn rárá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mi ò gé ohunkóhun láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn ẹjọ́ Kraftwerk àti Moses Pelham, olórin ráàpù ọmọ Jámánì tó gé orin wọn lò, kò ní dán an wò: ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré láti inú orin 1977 kan ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, ó sì gbé wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Yúróòpù, tó dájọ́ lórí rẹ̀ ní 2019. Gbogbo ohùn tó wà nínú tèmi, àwa la lù ú tàbí la kọ ọ́.

Mo ṣí Reaper, ètò tí mo fi ń gba orin sílẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ìyára rẹ̀ sí ìlù 116 ní ìṣẹ́jú kan. Güiro, akèrègbè tí wọ́n ń fi igi ha, ni mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí òun gan-an ló ń mú ẹsẹ̀ oníjó rìn. Ẹ máa ka ìlù láti oókan dé ẹẹ́rin: lórí oókan, ẹ ó fa igi gba ara akèrègbè náà gùn, lórí eéjì, ẹ ó gé e lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú. Ẹẹ́ta yóò ṣe bíi ti oókan, ẹẹ́rin bíi ti eéjì. Kíráààà, kẹ́-kẹ́. Ó rọrùn láti sọ, àmọ́ ọwọ́ máa ń fẹ́ sáré lórí gígé méjì yẹn. Agogo tẹ̀ lé e, ó ń dún lórí oókan, eéjì, ẹẹ́ta àti ẹẹ́rin láìyẹsẹ̀. Ní ti àkúbà, onílù kan tó jẹ́ ará Cuba, tó ń gbé ní Union City nítòsí wa ní New Jersey, ló bá mi lù ú. Bàtá ló sábà máa ń lù fún òrìṣà níbi wẹ̀mílẹ̀rẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n àkúbà nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Ohùn méjì tó ṣí sílẹ̀ ní ìparí, lórí ẹẹ́rin àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó lù wọ́n bí ẹni pé kò kan òun.

Clave wá dé. Ìlù igi méjì yìí kì í ṣe àjèjì sí wa: mẹ́ta ní apá kan, méjì ní apá kejì, agogo jùjú àti ti háíláìfù ti ń lù ú fún wa tipẹ́. Ìbéèrè ni pé apá wo ló máa ṣáájú. Ohùn orin Kraftwerk máa ń tẹ orí ìlù gan-an, kì í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo fi mẹ́ta ṣáájú, ọ̀rọ̀ àti igi ń ta ara wọn nípàá. Mo yí i, mo fi méjì ṣáájú, ó bọ́ sí i. Onílù náà kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn mi orí.

Béèsì ló gba àkókò mi jù. Ti Kraftwerk máa ń tẹ oókan mọ́lẹ̀ dáadáa. Ti Cuba kì í jókòó síbẹ̀: àárín eéjì àti ẹẹ́ta ló ń bọ́ sí, lẹ́yìn náà ẹẹ́rin, ohùn tó bá sì lù lórí ẹẹ́rin yẹn ti jẹ́ ti kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń kọrin lórí Am, béèsì ti fẹsẹ̀ kan sínú Em. Mo yọ gbogbo oókan kúrò, ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó dà bíi pé orin fẹ́ ṣubú. Nígbà tí güiro wọlé lórí rẹ̀ ni mo rí i pé ó dúró.

Ohùn kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé mọ̀ nínú orin náà, mo gbé e fún fáólìnì méjì àti fèrè, bí àwọn charanga, ẹgbẹ́ olórin Cuba tó ń lo fèrè àti fáólìnì, ṣe máa ń ṣe.

Wàhálà wá wà lórí orin kíkọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo bẹ̀, ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má dárà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ohùn níbẹ̀ yẹn.”

“Ṣé kí n wá máa kọ ọ́ láìlẹ́mìí ni?”

“Ẹ kọ ọ́ bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi àti àbúrò mi gbè é pẹ̀lú ohùn kan náà, láìfi kejì sí i.

Kọ̀ǹpútà lè to gbogbo ìlù sórí ìlà gígùn kan. Mo lò ó fún ohùn àti fáólìnì, mi ò fọwọ́ kan àkúbà àti güiro rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló ń ṣe é lódì: wọ́n á to ìlù bí ẹ̀rọ, wọ́n á wá ní kí akọrin máa gbóná. Ẹnu ló yẹ kí ẹ̀rọ wà nínú orin yìí. Bí ìlù bá le gbagidi, kò sẹ́ni tó máa dìde jó.

Ní ti ẹ̀tọ́ olórin, níbi tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, Section 115 nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ gbà kí èèyàn tún orin tó ti jáde ṣe, bó bá gba ìwé àṣẹ tó sì san owó tó yẹ. Ó tún gbà kó yí i sí irú ìlù tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yí ìpìlẹ̀ ohùn orin náà padà. Ìyẹn ni mo fi tọ́jú ohùn “The Model” bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi jẹ́ apá ìparí nìkan, níbi tí ègbè ti ń tún ara rẹ̀ kọ, ni mo ti fún onífèrè láyè kó fọn ohun tó bá wù ú.