Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín wa nípa ẹ̀tọ́ àti òmìnira lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Houston, ní Maryland, ní Chicago tàbí Atlanta ló mọ̀ pé ìwé òfin Amẹ́ríkà fún wọn ní ẹ̀tọ́. Ohun tí wọn kì í fura sí ni pé ẹ̀tọ́ yìí kì í dá sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tó ni ín kò bá la ẹnu, tí kò sì là á lásìkò, ilé-ẹjọ́ á kà á sí pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ wa, pé kí á má já aláṣẹ níyàn, pé kí á fèsì tí àgbà bá bi wá ní ìbéèrè, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú ọlọ́pàá Amẹ́ríkà, òun gan-an ló ń kó bá wa. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ ilé ire bá fi ìtẹríba ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má torí ọ̀wọ̀ gbà kí wọ́n tú ọkọ̀ yín

Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin náà sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ ṣàdédé tú ara, ilé tàbí ẹrù ẹnikẹ́ni láìsí ìdí tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà kí wọ́n tú u ti bọ́ ààbò yẹn sílẹ̀. Ẹ wò ó: iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kú, ọlọ́pàá dá yín dúró, ó gba láísẹ́ǹsì, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé òun lè wo inú bùùtù. Létí wa, àṣẹ ni. Lójú òfin, ìbéèrè lásán ni, ẹ sì lè kọ̀. Nínú ẹjọ́ Schneckloth v. Bustamonte lọ́dún 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò di dandan kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ là yín lọ́yẹ̀ pé ẹ lè kọ̀. Bí kò bá ti sí ipá tàbí ìhàlẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni” tí ẹ fi ìtìjú sọ, “bẹ́ẹ̀ ni” náà ni. Ohun tí ẹ máa sọ kò gùn. Ẹ dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé “I do not consent to a search,” kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹnu nìkan ni ẹ fi ń kọ̀ o. Ẹ má fọwọ́ ti ọlọ́pàá, ẹ má di ilẹ̀kùn mú, ẹ má sá. Bí ó bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹjọ́ Pennsylvania v. Mimms ti fún un láṣẹ yẹn láti 1977. Bí ó bá tú ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ̀, ẹ má bá a jà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn ni lọ́yà yín máa gbé dé iwájú adájọ́, kí wọ́n má baà lo ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ láti fi bá yín ṣẹjọ́.

Ti fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Riley v. California ní 2014, bí wọ́n tilẹ̀ ti mú yín, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó yẹ inú fóònù yín wò, àyàfi tí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà ńlẹ̀. Ẹ má fi ọ̀yàyà ka pásíwọọ̀dù fún un. Pápákọ̀ òfurufú ní òfin tirẹ̀: tí ẹ bá ti Èkó wọlé sí JFK, aṣọ́bodè lè tú ẹrù yín láìgba ìwé àṣẹ kankan.

Ẹ má rò pé dídákẹ́ lásán ti tó

Gbogbo wa la ti rí i nínú fíìmù: ọlọ́pàá á mú ènìyàn, á sì kà á sí i létí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Ẹjọ́ Miranda v. Arizona ti 1966 ló mú ìyẹn wá. Ìgbàgbọ́ tó gbòde ni pé bí wọn kò bá ti kà á, ẹjọ́ ti bàjẹ́ mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ fún wọn nígbà tí ẹ wà lábẹ́ àhámọ́, tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ni ìlànà yẹn ń dáàbò bò. Ẹlẹ́rìí, fídíò àti ẹrù tí wọ́n rí ṣì wà ńlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti fẹnu ara yín sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n tó mú yín náà wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ Berghuis v. Thompkins, tó ti Michigan wá, tí wọ́n sì dá ní 2010. Ọkùnrin kan jókòó síwájú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́ta, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n bi í bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń gbàdúrà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji òun fún ọmọkùnrin tó yìnbọn fún? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé ìdáhùn yẹn lọ sílé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì gbà á wọlé, nítorí pé ọkùnrin náà kò fìgbà kan sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ lo ẹ̀tọ́ òun láti dákẹ́. Ta ni nínú wa, Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, tí wọ́n máa bi bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́ tí kò ní fèsì? Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ ketekete pé ẹ fẹ́ dákẹ́, pé lọ́yà lẹ fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ dákẹ́ lóòótọ́, wọn ì báà bi yín léèrè ilé àti ọmọ.

Ẹ má sì parọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nípa ọ̀rọ̀ pàtàkì fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Brogan, ilé-ẹjọ́ ní “rárá” kan ṣoṣo tó jẹ́ irọ́ ti tó. Ní ti orúkọ, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró nítorí ìfura dárúkọ ara rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 2004.

Ẹ má gbà pé ẹ jẹ̀bi kí ẹ lè tètè relé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wọ́n mú ọmọ yín pẹ̀lú igbó díẹ̀, tàbí wọ́n ní ó jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Olùpẹjọ́ ìjọba ní kó gbà pé òun jẹ̀bi, kó san owó ìtanràn, kó máa lọ. Fún ọmọ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Fún ẹni tó ń lo gíríìn káàdì, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ìmígíréṣọ̀n lè torí ẹ̀bi yẹn lé e padà sílé lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Jose Padilla, ọmọ Honduras, ti gbé Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní 40 ọdún, ó sì ti ṣiṣẹ́ ológun fún wọn nígbà ogun Vietnam. Ó gbà ní Kentucky pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn igbó, torí lọ́yà rẹ̀ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé ó ti pẹ́ nílùú. Ìmọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 2010, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ di dandan pé kí lọ́yà la oníbàárà tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ lọ́yẹ̀ pé ẹ̀bi lè fa ìlékúrò nílùú.

Láti ìgbà ẹjọ́ Gideon ní 1963 ni ìjọba ti gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó wúwo. Kóòtù ìmígíréṣọ̀n kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ ló máa ń wá owó lọ́yà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé kankan, ẹ bi lọ́yà yín ohun tí ìwé náà máa dá sílẹ̀ fún ìwé ìgbélùú yín. Bí kò bá mọ̀, ẹ ní kó lọ bi ẹni tó mọ̀.

Ẹ má rò pé ẹni tí kò níwèé kò lẹ́tọ̀ọ́, ẹ má sì dìbò tí ẹ kò bá tíì di ọmọ ilẹ̀

Níbi tí Àtúnṣe Kẹrìnlá ti 1868 ti sọ̀rọ̀ nípa ààbò tó dọ́gba lábẹ́ òfin, “ẹnikẹ́ni” ló sọ, kò sọ “ọmọ ilẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni Yick Wo, alágbàfọ̀ ọmọ Ṣáínà ní San Francisco, fi borí ní 1886, nígbà tí ìjọba ìlú ń fún àwọn ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń fi du àwọn ọmọ Ṣáínà. Ní 1982, ẹjọ́ Plyler v. Doe ní Texas fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ tí kò níwèé ìgbélùú lè lọ sí ilé-ìwé ìjọba bí àwọn ọmọ yòókù. Ẹ má fi ìbẹ̀rù sé ọmọ mọ́lé.

Ìbò nìkan ni kí ẹ jìnnà sí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ tó bá dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Fífi àmì sí i nínú fọ́ọ̀mù pé ọmọ ilẹ̀ ni yín nígbà tí ẹ kò tíì rí bẹ́ẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ti máa ń dé ọwọ́ ènìyàn; ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má gbé ẹjọ́ ìjọba ka ẹni tí kì í ṣe ìjọba

Ní 1987, ìjọ Lukumi Babalu Aye, àwọn olórìṣà tí ẹ̀sìn wọn ti ọwọ́ àwọn èèyàn wa dé Kúbà kó tó dé Florida, fẹ́ ṣílé ìjọsìn ní ìlú Hialeah. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣòfin tó dènà fífi ẹran rúbọ, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ọdẹ tàbí àwọn alápatà. Ní 1993, gbogbo adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fẹnu kò pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n dojú òfin kọ, wọ́n sì fagi lé e. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn títí dòní. Ìjọba ìlú ni wọ́n bá ṣẹjọ́, ìdí nìyẹn tí Àtúnṣe Kìíní, tí kò jẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kan ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn, fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò ràn yín lọ́wọ́ bí Facebook bá yọ ọ̀rọ̀ yín kúrò, tàbí bí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá lé yín nítorí ohun tí ẹ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìdìbò.

Ohun tó de àwọn aládàáni ni òfin tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, pàápàá Civil Rights Act ti 1964. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ torí àwọ̀, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú tí ènìyàn ti wá tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin fìyà jẹ ẹ́. Ohùn Yorùbá tó bá hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì yín wà lára rẹ̀: àfi tí ó bá ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni ọ̀gá fi lè torí rẹ̀ du yín ní ipò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 180 péré ni òfin fún yín láti fẹjọ́ sun EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyànjẹ níbi iṣẹ́, ó sì máa ń di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú bá ní àjọ tirẹ̀ fún irú ẹjọ́ yẹn. Àṣà wa ni pé kí á kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ nílé, kí á rán àgbà sí ọ̀gá, kí á kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kí á dúró de èsì. Ẹ lè ṣe gbogbo ìyẹn, kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò dúró dè yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún yín pé wọ́n lé yín ló ti ń kà, bí ọ̀gá tilẹ̀ ṣì ń ṣèlérí pé òun máa tún un yẹ̀ wò.