Bí Mo Ṣe Yan Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí A Fi Gba Orin Àwọn Ìyá Sílẹ̀ ní Kàbà

Àwọn ìyá ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú yàrá tí ẹgbẹ́ akọrin máa ń kó aṣọ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà. Màmá tó ń lé orin ti kọ tiwọn tán, mo ti gbà á sílẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android àbúrò mi. Ó wá ku kí àwọn ìyá mẹ́ta yòókù gbè é. Mo ń fi headphone sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ lílé, wọ́n sì ń gbè é. Kò sí èyí tó ṣì í nínú wọn. Àmọ́ tí mo bá ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ká jọ gbọ́ ọ, ègbè á máa wọ́ tẹ̀lé lílé bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ sílé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ tètè máa gbè é." Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bọ́ headphone, wọ́n wò mí tìka-tẹ̀gbin. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń gbè orin yìí. Lọ wo nǹkan ẹ dáadáa."

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dalẹ́, mo lọ wo nǹkan mi dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń ṣe ná. Àwọn orin kan wà tí àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè Kàbà wa yìí, máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ oko àti nígbà tí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ. Àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ ò mọ̀ ju ìlà méjì-mẹ́ta lọ nínú wọn. Ẹgbẹ́ akọrin wa dáwó jọ pé ká gbà wọ́n sílẹ̀. Kò sí owó stúdíò, iná ò sì ṣeé gbọ́kàn lé débi tí a ó fi gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní bátìrì tirẹ̀ ló bá wa mu. Èwo wá ni ká rà, iPad ni àbí Android?

Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà rèé. Mo tan metronome inú áàpù, ìyẹn aago tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ fún olórin. Mo fi í sí ìró 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ki íápíìsì oníwáyà bọ ara tábúlẹ́ẹ̀tì náà, mo wá fi ìka di etí rẹ̀ kan mọ́ máíkì kékeré tó wà lára wáyà, mo ní kí áàpù gba ohùn aago ara rẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá sí ìfàsẹ́yìn, ìyẹn bí ohùn ṣe ń pẹ́ nínú ẹ̀rọ kó tó jáde, ohun tí mo gbà sílẹ̀ yẹ kó bọ́ sórí ìlà tí aago náà ti dún gan-an. Mo fẹ ojú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ áàpù pín àárín ìró kan sí èkejì sí ọ̀nà mẹ́rin, ìlà sí ìlà lórí 120 yẹn sì jẹ́ 125 mílísẹ́kọ́ǹdì (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Mo tún fi headphone Bluetooth tí mo gbé sí àwọn ìyá létí lọ́sàn-án dán an wò, mo sún un mọ́ máíkì tábúlẹ́ẹ̀tì. Èyí kọjá ìlà yẹn lọ pátápátá! Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kejì mo yá iPad ọ̀rẹ́ mi kan, mo ṣe é bákan náà pẹ̀lú íápíìsì oníwáyà. Mo fẹ ojú rẹ̀ títí kí n tó rí àlàfo kankan.

Ẹni tí kò bá rí i bí nǹkan gidi, kó rò ó báyìí: ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mílísẹ́kọ́ǹdì 10 dà bí ìgbà tí onílù dúró ní mítà mẹ́ta àti díẹ̀ sí ọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 100 dà bí ìgbà tó dúró ní mítà 34, bí ìdajì ìbú pápá bọ́ọ̀lù, tí ìwọ sì ní kí àwọn ìyá bá a jó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò ṣòro. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í gbé ohùn ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ṣe ló ń pọn ọ́n sínú igbá kékeré kan, ìgbà tó bá kún ló tó gbé e kọjá. Tí igbá yẹn bá gba ẹ̀kán 256, tí ẹ̀rọ sì ń ka ẹ̀kán 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, igbá kan á gba mílísẹ́kọ́ǹdì 5 àti díẹ̀. Igbá kan ò burú. Níbi tí igbá bá ti tò bíi mẹ́wàá ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Apple ló ń ṣe iPad, òun náà ló ń ṣe ohun tó ń darí rẹ̀, nítorí náà ó mọ iye igbá tó tò sí i. Ní ti Android, Google ló ń ṣe ọpọlọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi ló ń ṣe ara, oníkálukú sì ń to igbá tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Google ti gbìyànjú: wọ́n fi MIDI, èdè tí dùùrù oníná fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, sí Android 6 lọ́dún 2015, wọ́n gbé ọ̀nà tuntun kan fún ohùn, AAudio, jáde pẹ̀lú Android 8 lọ́dún 2017. Wọ́n tiẹ̀ ní àmì kan fún ẹ̀rọ tí lílọ àti bíbọ̀ ohùn rẹ̀ kò ju 20 mílísẹ́kọ́ǹdì lọ. Kò dájú pé wàá rí àmì yẹn lára èyí tí owó àpò wa ká.

Ìdí tí àwọn áàpù orin fi kọ́kọ́ pọ̀ sórí iPad náà nìyẹn. GarageBand, áàpù tí Apple ṣe fún gbígba orin sílẹ̀, ti wà níbẹ̀ láti 2011. Cubasis, irú áàpù bẹ́ẹ̀ mìíràn, dé iPad lọ́dún 2012, ó di 2020 kó tó dé Android.

Síbẹ̀, n kò ní bu Android. FL Studio Mobile wà lórí méjèèjì, BandLab wà lórí méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni BandLab. Àwọn áàpù kan máa ń jẹ́ kí o wọn ìfàsẹ́yìn náà, kí wọ́n sì fa ègbè padà sí àyè rẹ̀ fúnra wọn. Ìwọ náà lè fi ìka fà á. Tó bá jẹ́ pé bíìtì lò ń tò, tí o ń fi ìka yan ìlù sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìfàsẹ́yìn ò kàn ọ́. Ra Android, kí o fi owó tó kù ra máíkì gidi. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú headphone bó ṣe ń kọrin, kò sí ìka tó lè bá a fa ìyẹn padà. Ohùn rẹ á máa dá ọ lóhùn bí ẹni wà nínú kànga. Èyí ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi, nítorí àwọn ìyá wa kì í kọrin láìgbọ́ ara wọn.

Mo wọ mọ́tò lọ Lọ́kọ́jà. iPad ìran kẹsàn-án, èyí tó jáde ní 2021, ni mo ń wá, tòkunbọ̀. Ó ṣì ní ihò íápíìsì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ ihò yẹn kúrò lára ìran kẹwàá. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní ọ̀kan, owó rẹ̀ sì rọjú débi pé ó fu mí lára. Mo wọ Settings, mo rí i lókè pé iléeṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní kò sóhun tó máa ṣe. Mo ní kó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ níṣojú mi, kó tún un tàn, kó so ó mọ́ Wi-Fi. Bó ṣe so ó báyìí, "Remote Management" yọ síta, ó ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà iléèwé kan ní ìlú òyìnbó. Mo kí i pé ó dàárọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kúrò, kí wọ́n nù ún, mo fi orúkọ tèmi wọlé kí n tó ka owó. N kò rí bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó nínú Settings, irú iPad yìí kì í fi hàn, torí náà mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ń wo fídíò fún wákàtí kan, mo ń ṣọ́ iye tó ń lọ sílẹ̀.

64GB ni. Àwọn èèyàn ní yóò kéré. Ohùn ẹnì kan ní 24-bit ń jẹ nǹkan bíi 8MB ní ìṣẹ́jú kan lórí GarageBand, orin méjìlá tó ní ohùn mẹ́fà-mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò tíì dé 3GB. Logic Pro, áàpù Apple tó ju GarageBand lọ, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù. GarageBand tó wa.

Ọjọ́ tí a tún pé jọ, ẹ̀rọ fi ẹ̀sín tuntun kàn mí. Mo so sound card oníhò máíkì méjì, ẹ̀rọ kékeré tí ohùn máíkì ń gbà wọlé, mọ́ iPad pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ń pè ní camera adapter, ó kọ ọ́ sójú mi pé nǹkan yìí ń gba iná jù. Iná ìlú ò sí. Mo ki power bank bọ ihò kejì tó wà lára adapter náà, ó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra adapter yẹn, èyí oníhò méjì ni kó rà, oníhò kan á dójú tì í.

Mo fi aago sí 6/8, ìyẹn ọ̀kan lára bí wọ́n ṣe ń ka ìlù orin. GarageBand ò mọ̀ ju 4/4, 3/4 àti 6/8 lọ, orí 6/8 ni kónkóló wa, ìlù tó ń tọ́ orin sọ́nà, sì ti rọrùn jù. Màmá lé e, àwọn yòókù gbè é, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó wọlé gẹ́lẹ́. Màmá àgbà tó ní kí n lọ wo nǹkan mi kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn wò mí.

Àbúrò mi ló fẹ́ bà á jẹ́. Ó ní ká fi auto-tune, ohun tó ń fa ohùn olórin sórí nóòtì, sí i kó lè dà bí orin ìsinsìnyí. Mo ní kó dára, mo tẹ Extreme Tuning lórí ohùn Màmá. Ìlà kan wà tí wọ́n ti ń sunkún pé ọkọ́ wọn ti ṣẹ́ lóko. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé ohùn òkè ló wà lórí ọkọ́, ó fà á wálẹ̀ sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn, ọkọ́ bá di ọkọ. "Ọkọ mi ti ṣẹ́!" Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ọ̀kan ní kí wọ́n lọ fi pákó di í. Mo pa á kíákíá. Fún orin èdè tó ní ohùn bíi tiwa, n kò ní fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀rín la fẹ́ rín.

Ó wá ku kí orin dé ọwọ́ wọn. Fóònù Màmá àgbà, èyí kékeré oníbọ́tìnnì ni, MP3 nìkan ló ń kọ, láti orí mẹ́mórì káàdì. GarageBand orí iPad kì í gbé orin jáde ní MP3, iPad ò sì ní àyè káàdì. Mo fi Xender gbé e sórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android àbúrò mi, ibẹ̀ la ti yí i sí MP3, a ki káàdì Màmá àgbà bọ̀ ọ́, ó wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n gbé fóònù náà sétí, wọ́n gbọ́ ọ dé ìdajì.

"Ta ló ń wúkọ́ níbí yìí?"

Èmi ni.