Bẹ́ ẹ ṣe lè fi bàbá dúdú pa owó ìkórè ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti kù dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ti bu owó lé lórí, ẹ kú ìrọ́jú o. Àwa ṣe bàbá dúdú tà ní Ṣàgámù níbí lọ́dún tó kọjá, ohun tójú wa rí ni mo fẹ́ sọ.

Ká tètè mú ti sísè kúrò ńlẹ̀. Ẹ rin àgbọn, ẹ fún omi ẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà kẹ́ ẹ sì máa rò ó o, ẹ má lọ máa tẹ fóònù. Ó máa hó gùdùgùdù, á gbẹ, á wá pọ́n. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù, tó bá le tó sì ń ró kà lẹ́nu, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ dà á sórí tíréè tẹ́ ẹ ti fi òróró pa, kẹ́ ẹ gé e kó tó le.

Ibi tá a ti kàgbákò ni wíwé. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ la ti fi ọ̀rá wé e, òjò sì ń rọ̀ lásìkò yẹn, kó tó dọjọ́ kẹta gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, àwọn ọmọdé wá ń fi eyín ya ọ̀rá bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ wé e lọ́jọ́ yẹn náà, kẹ́ ẹ kó o sínú ike tó ń hàn gedegbe tí ìdérí ẹ̀ dé dáadáa.

Ẹ fi súpámákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná, àwọn yẹn máa bèèrè nọ́ńbà NAFDAC. Ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ iléèwé ń yà sí ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ lọ lọ́sàn-án tí ọjà bá dá díẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú mélòó kan dání fún títọ́wò. "Ẹ kú ọjà o, mọ́mì. Àwa la sè é, owó ìkórè la fi ń wá, ẹ bá wa gbé e sórí kántà, tó bá tà kẹ́ ẹ yọ tiyín." Ó tán. Ẹ má sì rò pé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ló máa gbà á o, Alájà ni ẹni tó kọ́kọ́ gba tiwa, ó tún ra mẹ́wàá fáwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fún oníṣọ́ọ̀bù lérè ẹ̀ jàre! Ẹnì kan wà tá a ní kó bá wa tà á lọ́fẹ̀ẹ́ torí Ọlọ́run, ó gbà lóòótọ́, ó wá gbé e sẹ́yìn ọṣẹ ìfọṣọ. Nígbà tá a lọ kó o, òórùn ọṣẹ ló ń ta. Mi ò bá a jà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ló máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún un.

Bá a ṣe ń ṣírò ẹ̀ rè é: ká ní ẹ ná ₦6,000, tí gáàsì àti ọ̀rá wà níbẹ̀, tó sì yọ 120, ₦50 lowó ojú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e fún oníṣọ́ọ̀bù ní ₦80, kó tà á ní ₦100. Òun jẹ ₦20, ìjọ jẹ ₦30. Ẹ má tà á ní ₦90 o, ta ló fẹ́ máa wá ṣéńjì ₦10 kiri?

Ọgbọ̀n péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ẹ kọ iye ẹ̀ àti déètì sínú ìwé, kí òun náà sáìnì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Sátidé-Sátidé ni kẹ́ ẹ máa lọ gbowó, akápò ni kẹ́ ẹ sì kó o fún lọ́jọ́ náà, ẹ má yọ owó ọ̀kadà níbẹ̀, torí ibẹ̀ lariwo ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwa.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ sè púpọ̀ de Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn tó ń tòkè òkun bọ̀ kì í rí bàbá dúdú kí wọ́n má rà á. Èyí tí ò bá tà títí Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ẹ lọ kó o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sọ́ńdè. Tiwa ò tiẹ̀ dé ìdí ìwàásù.