Bí A Ṣe Ń Ṣèwádìí Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Àtijọ́ ti Yúróòpù Nínú Mùsíọ́mù

Aṣọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ má baà ṣáko. Ẹ jẹ́ ká mú Syon Cope, ẹ̀wù ìlékè àlùfáà tí wọ́n kó iṣẹ́ sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ọwọ́ mùsíọ́mù Victoria and Albert (V&A) ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà.

Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìkànnì wọn: 83-1864. Ọdún tó dé ọwọ́ wọn ni 1864, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ni ẹ ó máa fi bi wọ́n léèrè.

Ẹ wá fẹ fọ́tò rẹ̀ títí ẹ ó fi rí òwú kọ̀ọ̀kan. Ibí gan-an niṣẹ́ wà, ẹ má kánjú. Lójú àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n kó sára aṣọ náà, ẹ ó rí òwú sílíkì tí abẹ́rẹ́ ń là láàárín bó ṣe ń lọ. Òwú fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò ní ọ̀nà tirẹ̀: ojú aṣọ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n wá fi òwú ọ̀gbọ̀ fà á láti ẹ̀yìn, tó fi yọ díẹ̀díẹ̀ sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tó kún fún wúrà kò fi le gbagidi lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń fi èyí hàn, ibẹ̀ náà ni àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì jẹ máa ń wà. Ó dùn mí pé fọ́tò ẹ̀yìn ṣọ̀wọ́n lórí ìkànnì, nítorí náà, ẹ fi ímeèlì béèrè rẹ̀ tìwà-tìwà.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí V&A East Storehouse, ilé ìkẹ́rùsí mùsíọ́mù náà tó ṣí ní 2025, kọjá yín. Ẹ lè yan ohun márùn-ún kí wọ́n gbé e wá fún yín láìgba kọ́bọ̀, bí ẹ bá ti sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi bíírò sílẹ̀, pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ mú. Ẹ ya àwòrán igun kékeré kan lára aṣọ náà sínú ìwé, nítorí ọwọ́ tó ń yàwòrán máa ń jẹ́ kí ojú rí ohun tí kámẹ́rà fò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wé òmíràn. Butler-Bowdon Cope, T.36-1955, sún mọ́ Syon Cope lọ́jọ́ orí, àmọ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n kó iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ rí kí wọ́n tó tún un rán pọ̀, torí náà ẹ wá ojú ìrán rẹ̀, níbi tí àwòrán bá ti gé lójijì.