Gbólóhùn Caesar kan tí mo fi dánra wò nínú ablative

Nínú ìwé gírámà Látìn tí mo ń lò, orúkọ tí wọ́n sọ oríṣiríṣi ìlò ablative (ìrísí tí ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ Látìn máa ń mú láti sọ ohun tí Yorùbá ń fi “kúrò”, “fi” tàbí “ní” sọ) lé ní mẹ́wàá: ti ohun èlò, ti ìyapa, ti ibi, ti àkókò, ti iye owó… Ta ni yóò há gbogbo ìyẹn sórí? Mo pa á tì, mo mú gbólóhùn kan nínú orí kìíní ìwé tí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, kọ nípa ogun Gaul (France òde òní àti àyíká rẹ̀), mo sì jókòó tì í:

Qua de causa Helvetii quoque reliquos Gallos virtute praecedunt, quod fere cotidianis proeliis cum Germanis contendunt, cum aut suis finibus eos prohibent aut ipsi in eorum finibus bellum gerunt.

Ó ní àwọn Helvetii, tí ilẹ̀ wọn wà ní Switzerland òde òní, fi ìgboyà ta àwọn ará Gaul yòókù yọ, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá àwọn Germani jà: bí wọn kò bá máa lé wọn kúrò ní ilẹ̀ tiwọn, wọ́n á lọ jagun ní ilẹ̀ àwọn yẹn.

Mo kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ablative tó wà níbẹ̀. Cum méjì ló wà. Èkíní, tó túmọ̀ sí “bá” tàbí “pẹ̀lú”, ló ni Germanis; èkejì kò kan ablative rárá, “nígbà tí” ni.

Àwọn onímọ̀ ní iṣẹ́ mẹ́ta tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láyé àtijọ́ ni ablative Látìn kó pọ̀. Mo wá pín ojú ìwé mi sí mẹ́ta: “kúrò”, “fi” pẹ̀lú “bá”, àti “ní”. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo ń bi léèrè kí n tó fi ohunkóhun síbẹ̀, torí ìparí bíi -is àti -ibus lè jẹ́ dative (ìrísí tó ń sọ “fún”) náà.

Finibus (ilẹ̀), tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló dùn mọ́ mi jù. Prohibent (wọ́n ń lé kúrò) gbé ti àkọ́kọ́ lọ sábẹ́ “kúrò” láìsí ọ̀rọ̀ kankan níwájú rẹ̀. In gbé èkejì lọ sábẹ́ “ní”. Proeliis (ìjà) àti virtute (ìgboyà) bọ́ sábẹ́ “fi”. Ní ti cum Germanis, ọ̀tá ni wọ́n, wọn kì í ṣe alábàárìn, ṣùgbọ́n kò rú Yorùbá lójú: à ń bá ènìyàn rìn, à ń bá a jà.

Orí kejì gbé M. Messala et M. Pisone consulibus wá: “nígbà tí Messala àti Piso jẹ́ consul”, ìyẹn olórí ìjọba Róòmù. Orúkọ consul méjì ni àwọn ará Róòmù fi ń pe ọdún. Èyí jẹ́ ọdún 61 ṣáájú Kírísítì. Ablative absolute nìyẹn, àpólà ablative tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ìyókù gbólóhùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo lè bi léèrè. Mo ya àyè tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń hun tèmi. Miles gladio hostem necat: ọmọ ogun fi idà pa ọ̀tá. Mo yí i, mo fi ọ̀tá síwájú: hostis a milite gladio necatur. Idà (gladio) dá dúró, ṣùgbọ́n ọmọ ogun (milite) gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ Látìn náà “a” (láti ọwọ́) níwájú, torí ènìyàn ni. Mo fi ọba dípò ọmọ ogun, mo fi òkúta dípò idà, a rege saxo, títí mo fi ń kọ wọ́n láìwo ìwé.