Bí A Ṣe Ń Yin Olùṣètò Iṣẹ́ Pẹ̀lú Ẹ̀fẹ̀ ní Sáìtì

Bí ilé bá parí, káfíńtà á nawọ́ sí òrùlé tó kàn, bíríkìlà á nawọ́ sí ògiri. Kí ni olùṣètò iṣẹ́, ẹni tó ń to ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ tí á sì parí, fẹ́ nawọ́ sí? Wàhálà tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Nítorí náà, inú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ la ti ń wá ìyìn rẹ̀, ibẹ̀ náà la ti ń wá ẹ̀fẹ̀.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ tọ́jú baseline, ìyẹn ètò tí gbogbo yín fọwọ́ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ fi ẹ̀dà ètò ọ̀sẹ̀ náà pamọ́ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ kó iṣẹ́ jáde, ẹ tẹ́ àwọn ẹ̀dà náà síta. Iṣẹ́ tó dúró sí ìdá 90 nínú 100 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gba ife-ẹ̀yẹ "Ó Ku Díẹ̀ Káàtó". Àfojúdá ló ń fa ìyẹn: ẹnìkan ń sọ "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán", kò ka nǹkan kan. Bí ilẹ̀kùn 28 bá ti wọlé nínú 40, ìdá 70 ni, kò sí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ tó lo gbogbo float, ìyẹn àyè ọjọ́ tí iṣẹ́ lè fi pẹ́ láì dá ìparí ilé dúró, tó sì yẹ kí gbogbo wa jọ pín, ló gba "Ajẹ-float-bí-ẹní-jẹ-mọ́ínmọ́ín". Ẹ̀bùn méjì tó. Tó bá di márùn-ún, ẹ̀fẹ̀ á di ẹjọ́.

Iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Olùṣètò fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gba tirẹ̀, fún iye ọjọ́ tó fi àṣìṣe dá. Bí ìjà owó ìdádúró bá sì wà láàárín yín àti kọngílá, ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ pátápátá: agbẹjọ́rò kì í bá ìwé rẹ́rìn-ín.

Ìyìn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ àti iye. "O káre" lásán kò tó. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Lọ́sẹ̀ kẹfà, o ní tí a kò bá sanwó jẹnẹrétọ̀ lóṣù yẹn, a ó fi ọjọ́ 15 dúró dè é ní èbúté Àpápá. A sanwó, a ò dúró."

Kí ẹ sì kọ orúkọ olùṣètò sára ètò náà, kí ẹlòmíràn má bàa gba ìyìn rẹ̀. Ní 1896 ni Karol Adamiecki, ẹnjiníà ará Poland, ti ya irú àtẹ tí a fi ń to iṣẹ́ àti ọjọ́ wọn yìí, àmọ́ kò tètè tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ Henry Gantt ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wa fi ń pè é: Gantt chart.