Bí Mo Ṣe Ń Wá Ohun Ìkọ́ni Gidi Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Kíláàsì àti Láíbìrì

Láíbìrì ilé ìwé ìjọba kan ni mò ń bójú tó l'Abẹ́òkúta níbí, lápá Adátán. Bí olùkọ́ bá wọlé tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì," ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe. Àwọn mìíràn a fajú ro, wọ́n á rò pé ṣe ni mo fẹ́ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ àwòrán tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹni tó fẹ́ ìtàn tí JSS 1 lè kà tán ní píríọ́ọ̀dù kan, àti ẹni tó fẹ́ ìbéèrè ìdánwò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí màá rán wọn lọ. Kẹ́ ẹ tó tan dátà, ẹ kọ ọ́ sórí bébà: kíláàsì wo ni, orí ẹ̀kọ́ wo ni, kí ni àwọn ọmọ máa mú lọ́wọ́?

Ìbéèrè kejì ni mo fi ń dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́: ṣé ó ṣeé gbé kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì? Ìkànnì lè rẹwà títí, bí kò bá ti lè ṣí nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kí ni kíláàsì tí fóònù olùkọ́ nìkan wà níbẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ yìí ló ṣeé gbà sílẹ̀ tàbí kó ṣeé tẹ̀ sórí bébà. Ọ̀kan péré ló fẹ́ ọgbọ́n díẹ̀, màá sì sọ ọ́ bí mo bá débẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ sínú Google kò ju "Basic Science JSS 2 first term lesson note" lọ. Ohun tó máa jáde náà ò ju àwọn ìkànnì tó ń da nóòtì ara wọn kọ, tí ìpolówó ọjà bo gbogbo ojú ewé, tẹ́ ẹ bá sì kà á dé ìdajì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó. Àṣìṣe tó bá wà nínú ọ̀kan, ó wà nínú gbogbo wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò wọ́n. Ẹ wò wọ́n fún ètò ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́ni, kẹ́ ẹ wá lọ wá ẹ̀kọ́ gan-an síbòmíràn. Ìdáhùn tí Google fúnra rẹ̀ ń kọ sókè báyìí náà ńkọ́? Ẹ kọjá lórí rẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé tó ti mú un, kẹ́ ẹ rí ẹni tó sọ ọ́.

Ohun kékeré mẹ́ta ló máa ń dín ìdọ̀tí kù. Ẹ fi àmì àyọlò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ tẹ́ ò fẹ́ kí Google yí padà. Ẹ fi filetype:pdf sẹ́yìn rẹ̀ bó bá jẹ́ ìwé tó ṣeé tẹ̀ lẹ̀ ń fẹ́. Ẹ sì fi site: sọ irú ìkànnì tó gbọ́dọ̀ wò. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Cultural and Creative Arts lọ́dọ̀ wa tẹ "adire" lásán, ló bá di ọjà: búbá, gọ́ọ̀nù, iye owó lóríṣiríṣi. Mo ní kó tẹ èyí:

"adire" Abeokuta Itoku site:edu.ng filetype:pdf

Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àmì tó tẹ̀ lé site yẹn o. Bí àyè bá ti wà níbẹ̀, Google á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ wa ni àdírẹ́sì wọn ń parí sí edu.ng, nítorí náà ìwádìí lórí àwọn aláró ló jáde dípò aṣọ títà: bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni lóòótọ́, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le, àmọ́ olùkọ́ lè yọ ojú ewé méjì nínú rẹ̀ kó fi èdè àwọn ọmọ ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó kó wọn lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta níbí. Ibẹ̀ kò jìnnà, kò sì sí fídíò tó tó o.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ̀ ń wá, ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ láìsí àmì, torí ohun tó máa jáde lè má dọ́gba. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google fún fóònù, ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi kún un, ẹ kàn di lẹ́tà e mú díẹ̀, ẹ ó rí ẹ. Àwọn PDF àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi fọ́ǹtì tí kò bá Unicode mu tẹ̀, ìyẹn ìlànà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ń lò: ó dára lójú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dà á kọ sínú Word, gbogbo ọ̀ àti ṣ á di jágbajàgba. Irú èyí, ẹ tẹ odindi ojú ewé, ẹ má ṣe da nǹkan kan kọ nínú rẹ̀.

Ìwé ìtàn ni mo gbádùn jù. Ẹ lọ sí African Storybook, tí àjọ Saide ní South Africa dá sílẹ̀, àti StoryWeaver, tí Pratham Books ti Íńdíà gbé jáde ní 2015. Méjèèjì ní ìtàn Yorùbá. Ẹ yan èdè, ẹ wá yan ìpele. Ìpele 1 dé 4 ni StoryWeaver ń lò, láti ìtàn ọlọ́rọ̀ méjì mẹ́ta dé èyí tó gùn. Ẹ má wo orúkọ kíláàsì kẹ́ ẹ tó yan ìpele. Àwọn ọmọ JSS 1 wà tí ìpele 2 tọ́ sí, ẹ fún wọn láìsọ nǹkan kan, kí ojú má tì wọ́n.

Ẹ ka ìtàn náà sókè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Onírúurú èèyàn ló túmọ̀ wọn, àmì ohùn kò sì dọ́gba. Mo ti rí ibi tí "igbá" ti di "ìgbà," tí gbólóhùn wá dojú rú. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù bà yín, torí ìwé-àṣẹ tó wà lára ìtàn wọ̀nyí fún wa láyè láti tún un ṣe. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ìwé náà. Bẹ́ ẹ bá rí CC BY, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀, ẹ lè ṣàtúnṣe sí i, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán síbẹ̀. NC bá tẹ̀ lé e, ẹ ò gbọdọ̀ fi pawó. ND bá tẹ̀ lé e, ẹ ò gbọdọ̀ pín ẹ̀dà tẹ́ ẹ ti yí padà, ìtumọ̀ náà sì wà nínú yíyí padà.

Ọ̀nà tí mo gbà ń tẹ̀ ẹ́ rèé. Mo máa ń wá ìtàn tí ojú ewé rẹ̀ ṣeé fi 4 pín, torí bébà A4 kan tí wọ́n bá ṣẹ́ po máa ń gba ojú ewé 4. Ìwé olójú ewé 16 yóò jẹ bébà A4 mẹ́rin péré. Mo máa ń gbé PDF náà sórí fláàṣì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Ìbarà, kó má sì di ohun tí wọ́n á tẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan lórí bébà kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi máa ń dúró tì wọ́n. Nínú Adobe Reader, kí wọ́n tẹ Print, kí wọ́n yan Booklet, kí wọ́n sì yan Both sides. Bí ẹ̀rọ wọn bá tún béèrè, short edge ni kí wọ́n mú. Bí wọ́n bá mú long edge, ẹ̀yìn bébà máa dorí kodò. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ po, kẹ́ ẹ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n ṣe ogún. Stapler kékeré kì í dé àárín bébà. Abẹ́rẹ́ àti òwú tó nípọn ni mo fi ń gán an, ihò mẹ́ta, ó sì máa ń pẹ́ ju irin lọ. Àwòrán tó bá ti dúdú lójú fóònù á di dúdú kirimú lórí fọ́tókọ́pì, torí náà ìtàn tí wọ́n fi ìlà ya àwòrán rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ mú.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ wá PhET, ìkànnì tí ọmọ ti lè ṣe ìdánwò láàbù lójú kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín; Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni. Bùọ̀dá tó ń kọ́ SS 2 ní físíìsì lọ́dọ̀ wa kò ní ju bátìrì àti gílóòbù díẹ̀ lọ nínú láàbù, àmọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Circuit Construction Kit: DC wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ọmọ á fa bátìrì sáàárín, á fa wáyà, á fa gílóòbù, gílóòbù á tàn. Bí ọmọ bá so wáyà láti orí bátìrì padà sí ìdí rẹ̀ láìfi gílóòbù sáàárín, iná á sọ lára bátìrì náà, kíláàsì á pariwo, kò sì ní sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jó. Tẹ́ ẹ bá dé ojú ewé rẹ̀, ẹ tẹ àmì dáńlóòdù. Fáìlì kan ṣoṣo tó parí sí .html ni ẹ máa rí gbà; Chrome máa ń ṣí i láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Orí láptọ́ọ̀pù ló ti rọrùn jù.

Èyí tó fẹ́ ọgbọ́n ni ti WAEC. Wọ́n ní ìkànnì e-learning kan tí àwọn olùkọ́ SS 3 kì í sábàá ṣí, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Kì í ṣe ìbéèrè àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ Observation, níbi tí ọ̀gá àwọn tó ń máàkì ti ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ. Èwo ni ká tún máa ra ìwé ìdáhùn tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́? Ojú ewé lásán ni, kò ní àmì dáńlóòdù. Nítorí náà ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè Chrome, ẹ tẹ Share, ẹ tẹ Print, kẹ́ ẹ wá yan Save as PDF. Ó ti di tiyín nìyẹn.

Fún ìwádìí ojoojúmọ́, Kiwix ló wà lórí kọ̀ǹpútà láíbìrì wa. Ó ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ má lọ gbé odindi ti gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán, nǹkan bí 100 GB ni; ẹ yan èyí tí kò ní àwòrán, tàbí èyí tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì fi ti Yorùbá kún un, kékeré nìyẹn. Dátà òru ni kẹ́ ẹ fi gbà á.

Nípa ìkànnì tẹ́ ò mọ̀ rí, ìdánwò kan wà tí mo máa ń ṣe fún un. Mo máa ń wá ohun tó jẹ́ tiwa níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ l'Abẹ́òkúta níbí ní 1859, tàbí ọdún tí wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká, 1934. Ìkànnì tó bá gbé Abẹ́òkúta sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣé tirẹ̀ nípa bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín ni ẹ fẹ́ gbà gbọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú láíbìrì, IFLA, àjọ àwọn láíbìrì lágbàáyé, ní ìlànà ilé ìkàwé ilé ìwé tí wọ́n tún ṣe ní 2015, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì wọn. Ó wúlò gan-an bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé ẹ nílò yàrá. Internet Archive ló dára fún ìwé tí àṣẹ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Ajayi Crowther, tó gbé Abẹ́òkúta, tẹ̀ ní 1852 wà níbẹ̀. Bó ṣe kọ Yorùbá yàtọ̀ sí ti òde òní, torí náà SS ni kẹ́ ẹ fi hàn, kẹ́ ẹ má fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àmì ohùn.

Àwọn PDF ìwé kíkà tó ṣì wà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, mi ò gbà á sínú láíbìrì. Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́, owó rẹ̀ la sì ń jẹ.

Ohun tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà bí ìwé tẹ́ ẹ rà: orúkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, ìkànnì tó ti wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ìwé-àṣẹ rẹ̀, kíláàsì tó bá mu, àti fláàṣì tó wà. Ẹ fún un ní nọ́ńbà Dewey, èyí tí láíbìrì fi ń to ìwé ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: 398.2 fún àlọ́, 537 fún iná mànàmáná, 746.66 fún àdìrẹ. Nọ́ńbà yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi sọ fódà tó wà lórí fláàṣì lórúkọ, kí olùkọ́ tó ń wá nǹkan lè rí i lórí ṣẹ́ẹ̀fù àti lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní fláàṣì kejì tí kò ní jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí àkọ́kọ́ á kó fáírọ́ọ̀sì láìpẹ́ láìjìnnà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, kí ẹnì kan tẹ àdírẹ́sì inú rẹ́jísítà náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ṣí mọ́, ẹ fa ìlà sí àdírẹ́sì náà, kẹ́ ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "ẹ̀dà inú fláàṣì nìkan ló kù," kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́.